StereoPhoto Maker: ọ̀fẹ́ ni, ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè tún fọ́tò jákujàku ṣe

Ẹ na ìka kan síwájú imú. Ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ ṣí i, ẹ wá di tòsì. Ìka yẹn á máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn lára ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú wa méjèèjì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.5 jìnnà síra, nítorí náà ohun tí èyí rí kì í ṣe ohun tí ìyẹn rí gan-an, inú ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni ọpọlọ sì ti ń mọ ohun tó wà nítòsí àti èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Wheatstone, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1838. Fọ́tò olójú méjì kò ju pé kí á ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ojú òsì, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, kí á sì wá ọgbọ́n tí ojú kọ̀ọ̀kan kò fi ní rí ju tirẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní fóònù kan àti láàpútọ́ọ̀pù àlòkù ní Abẹ́òkúta lè ṣe é láìra ohunkóhun kún un, torí StereoPhoto Maker, sọ́fútíwíà tó ń pa fọ́tò méjì náà pọ̀, wà. Masuji Suto, ará Japan, ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ló sì fi sílẹ̀. Orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń lo Linux máa ń fi Wine gbé e dìde. Kò wúwo. Inú fáìlì zip ló máa wà: ẹ tú u síta, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dìde nìyẹn. Ó ṣeé gbé sórí flash kí ẹ fi ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dáńlóòdù rẹ̀, kò tún bèèrè dátà mọ́, èyí tó dùn mọ́ni níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti ń ṣe ségesège.

Ojú rẹ̀ kò dára o. Mẹ́nù rẹ̀ kún fọ́fọ́ bí ọjà Láfẹ́nwá lọ́jọ́ ọjà, orúkọ tí wọ́n fún àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ kò sì ṣàlàyé ara wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i á rò pé òun ṣèèṣì ṣí ohun èlò ayé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wúwo bí àpótí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, ìyẹn pípa fọ́tò méjì pọ̀ lọ́nà tí ojú á fi gbà á láìjà, kò sí sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ mìíràn tó tó o ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bi tí àwọn ènìyàn ń dì rù ú, ẹ̀bi ọwọ́ tó di kámẹ́rà mú ni. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò yìí fi máa pẹ́ lórí yíyà kó tó dé orí kọ̀ǹpútà.

Kámẹ́rà kan tó, bí ohun tí ẹ ń yà kò bá mira. Ẹ ya tòsì, ẹ sún fóònù sí ọ̀tún, ẹ ya tọ̀tún. Tó bá jẹ́ ìdúró, ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì, ẹ tẹ̀ ẹ́; ẹ gbé ara lọ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún láìgbé ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Fóònù á ti rìn tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 7. Tó bá jẹ́ orí tábìlì, ẹ tẹ́ rúlà sílẹ̀, ẹ gbé fóònù dúró ní ìbú kí ìdí rẹ̀ fara ti etí rúlà, ẹ wá fà á lọ gbọọrọ. Fífà ni a ń fẹ́. Yíyí ló ń ba nǹkan jẹ́. Ọwọ́ á fẹ́ yí fóònù síhà ohun tí à ń yà bí ẹni fẹ́ wo ènìyàn lójú, ẹ má gbà fún un. Bí fóònù bá yí, ẹ̀gbẹ́ kan àwòrán á ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, tọ̀tún á sì ṣe òdìkejì. Lójú ẹni tó ń wò ó, ojú kan á máa fa nǹkan sókè, èkejì á máa fà á sísàlẹ̀. Orí fífọ́ ló ń tẹ̀lé e.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ìka tẹ ojú ohun tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ má tètè gbé ìka kúrò títí fóònù á fi ti ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì pa. Bí kò bá tì í pa, fọ́tò tòsì lè mọ́lẹ̀ kí tọ̀tún ṣú. Ẹ pa HDR, ìyẹn àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ tí fóònù ń ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ pa portrait mode, torí ńṣe ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀yìn àwòrán rẹ́, bó sì ṣe pa á rẹ́ nínú tòsì kò ní bá ti ọ̀tún mu. Fóònù olójú mẹ́ta mẹ́rin tún máa ń pààrọ̀ lẹ́ńsì láìsọ fúnni bí ẹ bá sún mọ́ nǹkan jù. Ẹ dúró sórí 1x, bó bá sì jẹ́ pé àwòrán ṣàdédé fò lójú fóònù bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn, ó ti pààrọ̀ nìyẹn, ẹ sún sẹ́yìn.

Ó wá ku àlàfo, ìyẹn bí tòsì àti tọ̀tún á ṣe jìnnà síra tó. Níbẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí.

Òfin tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé ni pé kí ẹ wọn bí ohun tó sún mọ́ jù nínú férémù ṣe jìnnà sí yín tó, kí ẹ pín in sí 30. Ohun tó wà ní mítà 2, àlàfo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.5. Òdòdó tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30, sẹ̀ǹtímítà 1 péré. Ohun tó sún mọ́ jù la wí o, kì í ṣe ohun tí ẹ torí rẹ̀ ń ya fọ́tò. Etí àga tó yọjú sí igun férémù ló ń pàṣẹ, kì í ṣe ìyàwó tó gúnwà sáàárín.

Lẹ́ńsì mílímítà 35 ti kámẹ́rà oní-fíìmù ni 30 yẹn bá mu. Lẹ́ńsì 1x ti fóònù òde òní sábà máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi mílímítà 24 sí 28 ní ìṣirò kan náà, nítorí náà ẹ lè pín in sí 20 láìséwu. Bí ẹ bá tẹ 2x, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹ ó máa pín in sí 40 ó lé díẹ̀. Ẹni tó tẹ 2x tó sì ń lo àlàfo 1x ló máa ń wá sọ pé sọ́fútíwíà kò dáa.

Bí ó bá jẹ́ pé ògiri ló dí ẹ̀yìn, tí kò sí ohun tó jìnnà rárá nínú férémù, ẹ lè fẹ àlàfo náà. Ẹ sọ ìjìnnà ohun tó sún mọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìjìnnà ògiri, ẹ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn pín in, kí ẹ tó wá pín in sí 30. Ká ní ìkòkò wà ní mítà 1, ògiri wà ní mítà 1.5. Ẹ sọ 1 di púpọ̀ pẹ̀lú 1.5, ó jẹ́ 1.5. Ẹ fi 0.5 pín in, ó di mítà 3. Ẹ pín mítà 3 sí 30, sẹ̀ǹtímítà 10 ni. Òfin àkọ́kọ́ ì bá ti fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 3 ó lé díẹ̀, ikùn ìkòkò á sì pẹlẹbẹ bí èyí tí wọ́n gé lára páálí.

Orí Olúmọ ni àlàfo ti ń dójú ti ènìyàn jù. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á kọjú sí ìlú, wọ́n á ṣe ẹsẹ̀ òsì ẹsẹ̀ ọ̀tún bí a ti júwe rẹ̀, wọ́n á délé, ìlú á tẹ́ bí ẹní. Kò lè ṣe kó má tẹ́. Kí ni sẹ̀ǹtímítà 6.5 lójú òrùlé tó wà ní mítà 90? Ẹ pín 90 sí 30: mítà 3 lẹ nílò. Ẹ ya tòsì, ẹ rin bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ọ̀tún níbi tí àpáta ti tẹ́jú, ẹ ya tọ̀tún. Kí ẹ má bàa yí fóònù, ẹ mú ohun kan tó jìnnà réré, bóyá òpó tó ga lókèèrè, kí ẹ jẹ́ kó bọ́ sí ojú ibì kan náà nínú férémù méjèèjì. Àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà yẹn á wá dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí lẹ́yìn ìyẹn, ìlú á sì dà bí èyí tí wọ́n kọ́ sórí tábìlì fún ọmọdé láti fi ṣeré. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn tí àlàfo bá fẹ̀ ju ti ojú ènìyàn lọ. Àwọn kan kórìíra rẹ̀. Lójú tiwa, kò sí bí a ṣe lè fi fọ́tò lásán rí bí Abẹ́òkúta ṣe dì mọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ òkúta tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ férémù lórí òkè yẹn: etí àpáta tó wà lẹ́sẹ̀ yín, irin tí ènìyàn ń dì mú, ẹ̀ka igi, orí àlejò tó wá wòran. Ohun tó wà ní mítà 3, sẹ̀ǹtímítà 10 ni àlàfo tirẹ̀. Mítà 3 tí ẹ rìn fi ìlọ́po 30 ju ìyẹn lọ, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bá yín pa á pọ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù, kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ewé, kí ọ̀kadà tó kún títì.

Torí ohun tó bá ń mira kò bá ọ̀nà kámẹ́rà kan lọ. Omi Odò Ògùn tó dán lójú òsì kì í ṣe èyí tó dán lójú ọ̀tún. Á máa ṣẹ́jú bí iná tí wáyà rẹ̀ kò ra dáadáa. Fóònù méjì tó jẹ́ irú kan náà, tí ẹ so mọ́ pátákó kan, lè gbà yín lọ́wọ́ ènìyàn tó jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ìka méjì kì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gan-an, ọmọ tó ń sáré kò ṣeé mú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí kọ̀ǹpútà. Ẹ kó fọ́tò méjèèjì sínú fọ́ọ́dà kan, kí orúkọ tòsì parí sí L, kí tọ̀tún parí sí R. Ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín tí fọ́tò bá di ogójì. Nínú mẹ́nù File, ẹ mú Open Left/Right Images, ẹ mú tòsì kí ẹ tó mú tọ̀tún. Wọ́n á jókòó síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá tẹ Alt+A.

Alt+A yìí ni ọkàn sọ́fútíwíà náà. Ó máa wá ojúlówó àmì tó wà nínú fọ́tò méjèèjì: igun fèrèsé, orí ìṣó, ìlà lára òkúta. Á fi wọ́n díwọ̀n. Bí ọ̀kan bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé e nàró. Bí ọ̀kan bá ga, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ọ̀kan bá tóbi jù nítorí pé ẹ sún síwájú díẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbé ara láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, á dín in kù, á sì gé etí tó ṣẹ́kù sọnù. Nítorí gígé yẹn, ẹ máa fi àyè sílẹ̀ yí ohun tí ẹ ń yà ká. Ẹni tó bá fi orí ènìyàn kan etí férémù, sọ́fútíwíà á bá a gé gèlè.

Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òsì wà ní òsì lóòótọ́. Nínú fọ́tò tòsì, ohun tó sún mọ́ gbọ́dọ̀ sún sí ọ̀tún ju bó ṣe rí nínú tọ̀tún lọ, bí a bá fi ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá yí síra, ẹ̀yìn á yọ síwájú, ojú ènìyàn á sì kòtò bí inú abọ́. Ẹ tẹ X, wọ́n á pààrọ̀ àyè.

Lẹ́yìn èyí ni fèrèsé. Ẹ ka etí àwòrán sí férémù fèrèsé, kí ẹ ka ohun tí ẹ yà sí ohun tó wà lóde. Bí ọwọ́ ènìyàn bá nà wọlé láti àárín fèrèsé, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí etí férémù bá gé ohun tó ti wọlé, ọpọlọ á ṣe kàyéfì: báwo ni fèrèsé tó wà lẹ́yìn ṣe gé ohun tó wà níwájú rẹ̀? Ojú á máa ro ènìyàn láìmọ ohun tó ń ro ó. Alt+A sábà máa ń gbé ohun tó sún mọ́ jù sí ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n bí koríko kan bá ṣì yọ jáde ní ìsàlẹ̀, ẹ fi kíì ọlọ́fà òsì àti ọ̀tún ti àwòrán méjèèjì títí koríko á fi padà síta. Bí ìyẹn bá ti tán, ẹ gbé e sí ipò aláwọ̀, èyí tó ń gbé tòsì àti tọ̀tún lé ara wọn ní àwọ̀ pupa àti búlúù tó dà mọ́ ewé, kí ẹ wo bí ojú méjì ohun tó jìnnà jù ṣe ya síra tó. Kó má ju ìdá kan nínú 30 ìbú àwòrán lọ. Àwòrán tó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 1800, kó má ju 60 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àlàfo tí ẹ lò ti pọ̀ jù; ẹ padà lọ yà á.

Nígbà tí Alt+A bá ṣìnà, tìgboyà-tìgboyà ló fi ń ṣìnà. Ẹ wo ohun tí àdìrẹ ń fi ojú rẹ̀ rí. Ẹ fi oníko kan kọ́ sórí okùn, irú èyí tí wọ́n fi ìko di ní róbótó-róbótó, tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ á mú róbótó kẹta nínú fọ́tò tòsì, á so ó mọ́ ìkẹrin nínú tọ̀tún, nítorí wọ́n jọra bí ìbejì. Ojú ènìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bó bá ṣèèṣì so róbótó tó ṣìnà pọ̀, aṣọ á jáde síwájú okùn tàbí kó wọnú ògiri lọ, okùn nìkan á sì dúró sí àyè rẹ̀. Ohun tó ń gbà yín ni kí ẹ fi ohun kan tí kò ní ìkejì sínú férémù: apẹ̀rẹ̀ kan, àga kan, okùn tó ní kókó. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ká lẹ́sẹ̀, kó má nà tààrà; ibi tó ká ni ìjìnlẹ̀ wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri lẹ̀ ń yà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ bí Ìbàdàndùn kì í fún ẹ̀rọ ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, torí oríṣiríṣi àwòrán ni wọ́n ń kọ sínú àwọn igun mẹ́rin rẹ̀.

Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ lọ sí Easy Adjustment nínú mẹ́nù Adjust. Ẹ mú àmì kan nítòsí etí òsì àwòrán, ẹ mú òmíràn nítòsí etí ọ̀tún. Ẹ sún àwòrán sókè-sódò títí tòsì fi dọ́gba. Bí tọ̀tún kò bá dọ́gba nígbà náà, ẹ yí i díẹ̀. Ìdọ́gba òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan lẹ ń wá. Ìyàtọ̀ òsì sí ọ̀tún ni ìjìnlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má pa á.

Àdìrẹ tún ní ẹjọ́ kejì, ti àwọ̀. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láti fi wo fọ́tò olójú méjì lórí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ni awò aláwọ̀: pupa lójú òsì, cyan, ìyẹn búlúù tó dà mọ́ ewé, lójú ọ̀tún. Aró tí wọ́n fi ẹlú rẹ, bí a bá fi awò pupa wò ó, dúdú kirikiri ni. Bí a bá fi cyan wò ó, búlúù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ojú kan ní aṣọ dúdú, èkejì ní kò dúdú, aṣọ á sì máa dán yìnrìnyìnrìn. Funfun tó wà lórí dúdú tún máa ń jò gba awò kọjá, á fi òjìji sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ róbótó kọ̀ọ̀kan. Atẹ tòmátì àti tàtàṣé ṣe òdìkejì rẹ̀, ó sì burú jù ú lọ: ojú òsì rí iná, ojú ọ̀tún rí èédú.

StereoPhoto Maker kò fi yín sílẹ̀ níbí. Nínú mẹ́nù Stereo, ẹ ó rí oríṣi mẹ́rin tó yẹ kí ẹ mọ̀: color, half color, gray àti Dubois. Dubois ni kí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Eric Dubois ti Yunifásítì Ottawa ní Canada ló ṣe ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀, ó ń tu pupa lójú, ó sì ń dín òjìji kù. Àdìrẹ àti tòmátì, gray ni. Àwọ̀ á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú á sinmi. Color nìkan dára fún òkúta, igi, ògiri alámọ̀ àti àwọn nǹkan tí kò pariwo. Òrùlé onípẹtà wà láàárín. Ẹ gbìyànjú half color.

Awò tí wọ́n fi ìwé rọ́bà àdídùn ṣe kì í tó. Ọ̀nà láti dán an wò: ẹ ya ìlà pupa gidi sórí ojúewé funfun lójú kọ̀ǹpútà, ẹ fi awò pupa wò ó. Ìlà náà gbọ́dọ̀ pòórá. Bí ó bá ṣì hàn, awò náà ń jò. Ẹ fi ìlọ́po kejì lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán aláwọ̀ pamọ́, PNG ni kí ẹ lò. JPEG máa ń fún àwọ̀ pọ̀ ju bó ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọ̀ ló ya ojú òsì sọ́tọ̀ kúrò lára ojú ọ̀tún níbí. Fún ìdí kan náà, ẹ má fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji tí ẹ ti lé lọ á tún padà wá.

Àwọn tó kù lọ́jà ọ̀fẹ́ ńkọ́? GIMP, sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, lè ṣe aláwọ̀: ẹ fi àwọ̀ pupa #FF0000 bo fọ́tò òsì ní ipò Multiply, ẹ fi #00FFFF bo tọ̀tún bẹ́ẹ̀, ẹ pa ìpele kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá gbé òsì lé ọ̀tún ní ipò Addition. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín lẹ ó fi dọ́gba gbogbo rẹ̀, ìdajì wákàtí fún fọ́tò kan kì í ṣe àsọdùn. Hugin, sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń so ọ̀pọ̀ fọ́tò pọ̀ di ọ̀kan, ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ align_image_stack. Bí ẹ bá fi -S sí i, ó mọ̀ pé fọ́tò olójú méjì ni, kò sì ní pa ìyàtọ̀ òsì sí ọ̀tún rẹ́. Ó ń dọ́gba dáadáa, àwọn tó fẹ́ràn kíkọ àṣẹ sínú tẹ́mínà á gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ẹ ó fi máa wo iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ. Ẹni tí kò ní láàpútọ́ọ̀pù rárá, kó gbé 3DSteroid sórí Android. Masuji Suto náà ló ṣe é.

Ọ̀nà tó dára jù láti wò ó kò ní awò aláwọ̀ nínú rárá: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fọ́tò. Ẹ dín àwòrán kọ̀ọ̀kan kù sí píkísẹ́lì 720 ní ìbú, 900 ní gíga, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tòsì ní òsì, kí ẹ gbé méjèèjì sáàárín ojúewé funfun 1800 sí 1200. Ìyẹn ni ìwé ínǹṣì 6 sí 4 tí ilé ìtẹ̀fọ́tò èyíkéyìí ní Sápọ́n tàbí Pánsẹ́kẹ́ mọ̀, ní 300 dpi, ìyẹn píkísẹ́lì 300 nínú ínǹṣì kan. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pé kó má gé e, kó má tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kó má sì dán ojú ẹnikẹ́ni. Àṣà wọn ni láti bá oníbàárà tún un ṣe. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan òsì láìfọwọ́ kan ọ̀tún, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ tún kìlọ̀ kí wọ́n má pín in sí fọ́tò méjì. Bí ó bá ti jáde, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: láti ojú ohun kan tó jìnnà nínú tòsì dé ojú rẹ̀ nínú tọ̀tún, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.3. Tó bá ti kọjá 6.5, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ jù, ojú á ní láti ya síta kó tó lè so ó pọ̀, ojú kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Awò ìkàwé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà nínú ọjà, èyí tó jẹ́ +4.00, ló kù. Agbára yẹn máa ń mú kí ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 25 hàn kedere nígbà tí ojú bá sinmi bí ẹni ń wo ọ̀nà jíjìn, ìyẹn gan-an sì ni à ń wá. Ẹ gé páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, tó fẹ̀ ní 10. Ẹ gbé ìpẹ̀kun kan lé orí imú, kí èkejì dúró lórí ìlà tó wà láàárín àwòrán méjèèjì, kí ojú òsì má lè rí tọ̀tún. Ẹ wá iná tó mọ́lẹ̀ dọ́gba lápá méjèèjì, kí òjìji páálí má bọ́ sórí ọ̀kan. Ẹ má wo ìwé náà. Ẹ wò ó bí ẹni ń wo ohun tó wà lẹ́yìn ògiri. Àwòrán méjì náà á rọra rìn súnmọ́ra, wọ́n á gun ara wọn. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ díẹ̀ tí wọn kò fẹ́ wọ ara wọn, ẹ tẹ ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwọ̀nba kí ẹ tó bínú sí sọ́fútíwíà.